Aago Yín Ti Gbó, Bàbá

Bàbá mi tí ọ̀rọ̀ èmi àti yín ò tíì tán,

Òjò ń rọ̀ ní Ìdóàní lọ́sàn-án yìí. Kì í ṣe òjò líle, ó kàn ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì ni, irú èyí tó máa ń jẹ́ kí gbogbo ìlú dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa lọ sílé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, etí mi sì ń wá ìró kan tí kò sí nínú ilé yìí mọ́. Aago yín ni. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, Bàbá. Ó ti bá Kọ́lá lọ sí Èkó. Ẹ má tíì bínú, ẹ jókòó dáadáa kí n ro ẹjọ́ náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n ha ojú rẹ̀ dànù.

Ẹ kú àtijọ́ ná. Ẹ kú ìdákẹ́. Bí ẹ bá tún gba Ọ̀wọ̀ kọjá lónìí, ẹ ó ṣìnà. Pọ́n-ùn àti ṣílè tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ti di náírà. A ti gba òmìnira, a ti jagun, àwọn sójà ti dé, wọ́n sì ti lọ. Òǹdó ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé tẹ́ ẹ ṣe kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣí ìkòkò omi ẹnikẹ́ni wò, tanwíjí sì ń ṣe fàájì nínú wọn. Ó yẹ kó dùn yín. Àbí kò sí ẹ̀fọn lọ́hùn-ún?

Aago ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí báyìí, torí ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ó ṣì pẹlẹbẹ bó ṣe wà, ó lè sá sábẹ́ apá ẹ̀wù kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wúrà tí wọ́n fi bò ó ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí àtàǹpàkò yín máa ń rà á, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti yọjú. Ojú rẹ̀ tó funfun báláú nígbà tẹ́ ẹ rà á ti di àwọ̀ èèpo ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀. Etí ojú náà yípo tilẹ̀ pọ́n jùyẹn lọ, ó pọ́n bíi tíì. Àwọn igi wúrà tín-ín-rín tó dúró níbi tí nọ́ńbà ì bá wà ṣì pé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti ṣú díẹ̀. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá bọ́ sí i, ó máa ń dà bíi pé àtùpà kékeré kan ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Mo lè jókòó máa wò ó títí ọbẹ̀ á fi jóná lórí iná. Ọkọ mi ní òun ò mọ ohun tí mò ń wò, pé ṣé mi ò tíì mọ aago mélòó ló lù ni. Ó ṣòroó sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni mò ń wò.

Kò kúkú bá àsìkò rìn dáadáa. Ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lójúmọ́, bí àgbàlagbà tó ń dúró kí ẹni lọ́nà oko. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ kì í sì í bá a jà. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ó jókòó sórí àga onígi yẹn, ẹ ó fi ìka méjì yí orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi kọ̀. Bó bá ti kọ̀, ẹ ó ní ó ti yó. Mo máa ń rò pé oúnjẹ lẹ̀ ń fún un lóòótọ́. Mo sì máa ń ṣọ́ abẹ́ àga bóyá èérún rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Bátìrì ni wọ́n ń kì sínú èyí tí wọ́n ń wọ̀ lóde òní. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ, kò sì mọ olówó rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí àsìkò Igogo? Nígbà tí ìlù bá dákẹ́ ní gbogbo Ọ̀wọ̀, tó jẹ́ agogo nìkan ni à ń gbọ́ láti òkèèrè, ẹ máa ń gbé mi lé orúnkún yín, ẹ ó gbé aago náà sí mi létí. Ẹ ní òun náà ń ṣọdún, pé agogo àti aago, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ ó wá sùn lọ lórí àga, ọwọ́ yín á rọ̀ sílẹ̀, etí mi á ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó ń dún mọ́ nínú aago àti iṣan ọwọ́ yín. Títí di òní, bí oorun ọ̀sán bá fẹ́ gbé mi, ìró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Òórùn oògùn ẹ̀fọn tó máa ń wà lára aṣọ yín á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà lẹ̀yin fúnra yín á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í sọ̀rọ̀?

Etí rẹ̀ tó pọ́n yẹn, ẹjọ́ ìyàwó yín ni. Ẹ ti Ìjàgbà bọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò pa yín, kẹ̀kẹ́ yín yọ̀ ṣubú sínú odò, omi sì wọnú aago. Ìkùukùu bo gíláàsì rẹ̀ débi pé a ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Màámi ò bá ẹnikẹ́ni jíròrò, wọ́n gbé e lọ sórí àjà, sókè ibi ìdáná, láàárín àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ibi tí gbogbo nǹkan tútù ti ń gbẹ nílé wa nìyẹn, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ìgbà tẹ́ ẹ fi máa wá a kàn, èéfín ti ṣe tirẹ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ti ń wá ibi tí mo máa sá sí. Àfi bẹ́ ẹ ṣe bú sẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú yín. Ẹ yí i, ó ń rìn. Láti ọjọ́ náà lẹ ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀ ń pè é ní Àgbàdo. Bí ojú rẹ̀ bá sì ti ń pọ́n sí i, ẹ ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní ó ń gbó bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe di ọ̀rọ̀ ìdùnnú nínú ilé wa nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní aṣọ òun gbó, á fajú ro. Tiwa kì í ṣe ti aṣọ. Ti àgbàdo ni tiwa, ti ọsàn orí igi, ti àgbàlagbà tó jókòó síwájú ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká. Bí Màámi bá se ẹ̀wà tó rọ̀, tí adùn rẹ̀ jinlẹ̀, ẹ ó tọ́ ọ wò, ẹ ó ní ọbẹ̀ inú rẹ̀ gbó. Ẹ̀yin àti ọ̀rọ̀ yín!

Aago gbó, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ò dúró. Kọ́lá ṣì ń rákò nígbà tẹ́ ẹ lọ. Ó rákò wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ yín sí, ó ń fa aṣọ tí wọ́n fi bò yín kẹ́ ẹ lè bá a ṣeré, wọ́n sì sáré wá gbé e. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ẹbí ní ọmọkùnrin ló ni aago, pé kí Màámi bá a tọ́jú rẹ̀ dìgbà tó bá dàgbà. Mi ò jiyàn. Ọmọdé ni mí, ta ni mo máa bá jiyàn? Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo mọ ìgbà tó máa ń yó. Nígbà tí mo wá di tíṣà, Màámi gbé e fún mi pé kí n máa bá àbúrò mi bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe láràárọ̀ níbí, pẹ̀lú ìka méjì. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé nǹkan oníǹkan ni mò ń tọ́jú.

Ẹ ò mọ Kọ́lá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Àbúrò yín ló mú un lọ sí Èkó láti kékeré, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ga, ó sì mọ̀wàáhù. Ahọ́n rẹ̀ ti di ti Èkó. Bó bá ní òun fẹ́ pe Ọ̀wọ̀ ní Ọ̀ghọ̀ bí àwa ará ilé ṣe ń pè é, ẹ̀rín á pa èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá ń rìn bọ̀ láti òkèèrè, ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀ yẹn. Èjìká òsì rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yà síta. Ta ló kọ́ ọ? Mo ti bi Màámi, wọ́n kàn nu ojú wọn. Ó ní aago ìgbàlódé kan tí ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, àfi kó tẹ̀ ẹ́ kí nọ́ńbà pupa tó tàn níbẹ̀. Mo gbé e sí etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó wá rí ìyàwó tó wù ú fẹ́, ọmọ olówó Ọ̀wọ̀, ilé alájà lọ́tùn-ún lósì. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nítorí àwọn àna. Ó mọ̀ pé ní ìlú yìí, bí wọ́n bá ti kí ọmọ tán, wọ́n á bèèrè ọmọ ta ni. Ó fẹ́ kí nǹkan bàbá òun kan wà lára òun lọ́jọ́ náà. Màámi ránṣẹ́ sí mi, mo gbé aago lọ sílé fún wọn, mo sì padà síbi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Kọ́lá dé, wọ́n mú un jókòó, wọ́n gbàdúrà sí i lórí, wọ́n so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní: "Aago bàbá rẹ rèé. Ó ti gbó."

Ohun tó fa gbogbo wàhálà náà kò ju ìyẹn lọ. Màámi fi ẹnu yín sọ̀rọ̀. Etí Èkó ni Kọ́lá fi gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ìyá òun ń tọrọ àforíjì, pé ògbólógbòó nǹkan ni, kí òun ṣáà máa fi sùúrù lò ó. Ó ní òun ò sọ̀rọ̀ kí ojú má bàa ti Màámi.

Ní Sátidé tí mo wọ ọkọ̀ délé, Màámi ń ṣa ẹ̀fọ́, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní ọmọ wọn ti gbé aago lọ sọ́dọ̀ Ààfáà Rájí, atúnaagoṣe tó wà lápá Ọjà Ọba, kó lè bá a fọ ojú rẹ̀. Wọ́n rò pé wọn yóò kàn fi aṣọ nu ún ni. Mo mọ irú fífọ̀ tí Ààfáà ń fọ ojú aago. Abẹ ló fi ń ha á, á ha gbogbo rẹ̀ kúrò pátá, á wá fi ọ̀dà kùn ún ní funfun. Mi ò tíì sọ àpò mi kalẹ̀ tí mo fi yí padà.

Ọyẹ́ ti wọlé lọ́dún náà. Eruku bo òde, oòrùn wà lókè rẹ́súrẹ́sú bí oṣù. Mò ń yára, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń sáré lójú àlá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Àwọn èèyàn ń kí mi, mo ń rí ẹnu wọn, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n á ti ní tíṣà ti ń gbéra ga. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dì í mú. Ṣé ẹ gbọ́?

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ààfáà ń jókòó sí, lẹ́yìn àpótí onígíláàsì kan tí aago kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó jọ ara rẹ̀ lójú. Kò sí ohun tó gbádùn tó kó fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí irun rẹ̀ ò pọ̀ kun ojú aago, kó wá gbé e sókè fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Kọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú aago yín wà níhòòhò lórí bébà funfun, Bàbá. Wọ́n ti yọ gíláàsì, wọ́n ti yọ àwọn ọwọ́ rẹ̀. Ó kéré. Mi ò mọ̀ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ti wà ní ṣíṣí, abẹ sì wà lọ́wọ́ Ààfáà.

"Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó gbójú sókè, awò kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́ wà lójú rẹ̀ kan, ó bi mí pé nínú èmi àti ọ̀gá tó jókòó yìí, ta ló ni aago. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo tún la ẹnu. Mo ní Kọ́lá ló ni ín. Ẹ ò mọ bó ṣe korò tó. Ààfáà ní ó parí, ó sì tún ọwọ́ abẹ mú.

Kọ́lá dìde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní Àǹtí mi, Àǹtí mi. Ó ní àwọn àna á di òun lọ́wọ́ mú, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì rí ìdọ̀tí. Ó ní òun ò kórìíra aago náà, òun fẹ́ bu iyì kún un ni. Ó ní Màámi fúnra wọn sọ pé ó ti gbó. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi dénú eegun. Mo bi í bóyá ó ti lọ síbi ìkómọ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun sókè tí wọ́n ní á gbó, á tọ́, ṣé ohun tí wọ́n ń ṣàdúrà fún ni pé kó ya bí aṣọ? Ààfáà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi tí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Àmọ́ kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tíṣà dùn létí, ṣùgbọ́n bí òun bá kun aago yìí tán, kò ní sẹ́ni tó máa mọ iye ọdún tó ti lò láyé. Mo ní ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn.

Mo wá fa Kọ́lá jókòó, èmi náà jókòó tì í, mo sì ka ojú aago náà fún un, bí mo ṣe ń kàwé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo fi etí rẹ̀ tó pọ́n hàn án, mo ní èéfín ibi ìdáná ìyá rẹ ni. Mo fi ààmì bí ẹ̀kán omi tó wà nítòsí aago mẹ́rin hàn án, mo ní odò Ìjàgbà nìyẹn. Mo mú gíláàsì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ibi tó ha lára rẹ̀ yìí, èmi ni, ìdérí ìgò ni mo fi fà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwàásù gùn jù. Mo ní ibi tí wúrà ti ṣí yìí, àtàǹpàkò Bàbá ni, bí ẹnì kan bá ń purọ́ fún wọn pé òun ò ní ìkòkò omi mìíràn nínú ilé, wọ́n á máa ra ibẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀, ẹni náà á sì mú wọn lọ síbi tí ìkòkò wà. Mo ní àwọn ọwọ́ tó ṣú yìí, oòrùn ọ̀nà Ute ni, àti òógùn. Kọ́lá sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ojú aago yẹn bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Àǹtí mi, èwo ni tèmi?"

Mo ti ka gbogbo wa tán, Bàbá. Mo ka Màámi, mo ka ara mi, mo ka odò àti àwọn òpùrọ́ onílé. Mi ò ka Kọ́lá. Kò sí fọ́tò kan láyé tí ẹ̀yin àti òun jọ wà nínú rẹ̀. Kò mọ ohùn yín. Mo ti ń jowú rẹ̀ láti kékeré pé òun ni wọ́n fún ní aago, mi ò ronú rẹ̀ rí pé èmi ni wọ́n fún ní bàbá. Mo wo ojú aago náà. Ààmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago mẹ́jọ, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó bá aago náà wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni. Mo gbé ìka sí i.

"Tìrẹ rèé."

Mo ní nígbà tó ń hu eyín ni. Mo ní Bàbá gbé e lẹ́sẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ wọn mú, ó sì ki aago bọnu, ó ń gé e jẹ, itọ́ ń dà. Mo ní Màámi pariwo pé kí wọ́n gbà á lẹ́nu ọmọ, Bàbá ò gbà á. Wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀ fún un títí ó fi sùn lọ tòun taago lẹ́nu, itọ́ rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ aago wọnú rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Ó kàn ń jáde lẹ́nu mi, mo sì ń rí gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rí àwọ̀ ẹ̀wù tẹ́ ẹ wọ̀. Ṣé ó ṣẹlẹ̀? Bàbá, ṣé ó ṣẹlẹ̀?

Ààfáà fi awò rẹ̀ padà sójú. Ó tẹrí ba sórí ojú aago, ó wo ààmì náà, ó wò ó títí. Ọkùnrin tó ti ń tú aago láti ìgbà èwe, ṣé kò ní mọ ohun tí itọ́ ọmọ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe? Ó gbórí sókè. Èmi ló wò, kò wo Kọ́lá.

"Eyín ọmọdé ni," ó ní. "Mo ti rí irú rẹ̀ rí."

Ó sì dé ọ̀dà rẹ̀. Kọ́lá yí ojú sí ọ̀nà, ó ń wo eruku ọyẹ́ bíi pé ẹnì kan ń bọ̀ láti inú rẹ̀. Ó ní kí Ààfáà dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà, kó má nu nǹkan kan.

Ó wọ̀ ọ́ lọ ṣègbéyàwó. Bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wò ó gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ pé wọ́n á wò ó. Kọ́lá ò jẹ́ kí wọ́n bèèrè. Ó tú u lọ́wọ́, ó fi ààmì náà hàn wọ́n, ó ní òun lòun gé e jẹ, lọ́wọ́ bàbá òun. Ọ̀rọ̀ náà ti dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Ó fi kún un pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ pe òun ní èkúté. Mi ò sọ ìyẹn fún un, Bàbá, mo fi ọ̀run búra. Bàbá ìyàwó na ọwọ́ gba aago náà, ó gbé e sí etí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà sí Èkó, mo kọ́ Kọ́lá bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Ó yí i títí ó fi kọ̀, ó wò mí, ó ní ó ti yó. Mo wọ inú ilé lọ, mo lọ sunkún díẹ̀.

Ó wá kí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ní òun lá àlá yín, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé. Ó ní òun ò rí ojú yín dáadáa, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ gbé òun lẹ́sẹ̀, bí òun ṣe tóbi tó yìí. Ó ní ẹ̀ ń wo ọwọ́ ara yín, ẹ la ẹnu kẹ́ ẹ sọ nǹkan, ni ìyàwó rẹ̀ bá jí i. Ó ní bó bá tún rí yín, òun á bi yín nípa ọjọ́ tí òun gé aago jẹ, kí òun lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Kò sí òótọ́ kan tó ń lé tèmi bọ̀ láyé níbí. Ààfáà ò ní sọ ọ́. Mo dọ́gbọ́n bi Màámi bóyá Kọ́lá gé aago yín jẹ rí. Wọ́n ní ọmọ wo ni kì í gé nǹkan jẹ nígbà tó ń hu eyín, wọ́n sì ń bá ẹ̀fọ́ wọn lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà lásìkò òjò yìí tí mò ń kọ̀wé sí yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú mi fó. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín lójú oorun tó sì bèèrè, ẹ má wá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ kàn na ọwọ́ yín sí i, kó gé e jẹ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín jù lọ. Ẹ má jẹ́ kí Kọ́lá gbọ́.